Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àwòrán Ilẹ̀ Tí Wọ́n Yà Láti Ojú Sánmà

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kọ́ nípa òṣùwọ̀n: mítà, kìlómítà àti ẹ́kítà. Lónìí a óò fi ohun tí a kọ́ yẹn ka àwòrán ilẹ̀. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní kátì.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i rí. Ó lè wà lára ògiri ọ́fíìsì. Ẹnìkan sì lè ká a sábẹ́ abíyá wá sí ìpàdé ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ó bá ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì, gbogbo ènìyàn a dákẹ́. Ẹni tó ni ín a máa nawọ́ sí ibí, a máa nawọ́ sí ọ̀hún. Àwọn tí kò lè kà á a máa wo ẹnu rẹ̀. Nítorí ìdákẹ́ yẹn ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ìwé tí ènìyàn kò lè kà lè gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ìwé náà kò tilẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ.

Nígbà tí a ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀

Àwọn baba wa kò fi ìwé mọ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ igi ìrókò tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Wọ́n mọ odò tó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti èyí tí kì í gbẹ. Àwọn àpáta ńlá Ṣábẹ̀ẹ́ ni àlejò fi ń mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pé òun ti ń súnmọ́ ìlú. Nígbà ogun, àárín àpáta wọ̀nyẹn náà ni àwọn ènìyàn ń sá sí.

Nígbà tí àwọn Faransé dé, ẹsẹ̀ ni àwọn náà kọ́kọ́ lò. Ọ̀gá sójà kan á máa rìn lọ lójú ọ̀nà. Kọ́ńpáàsì wà ní ọwọ́ kan, aago wà ní ọwọ́ kejì. Bí ó bá ti rìn fún wákàtí kan, á ṣírò iye kìlómítà tí ó rìn, á sì fa ìlà sínú ìwé rẹ̀. Abúlé tí ọ̀nà gbà kọjá wọ inú ìwé. Abúlé tó wà lẹ́yìn òkè kò wọ̀ ọ́, àfi bí ẹnìkan bá sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí àwòrán ìgbà náà fi ní ibi funfun púpọ̀. Ènìyàn ń gbé níbẹ̀. Ọ̀gá sójà ni kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Cotonou dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Àwọn tó là á wọn ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí irin nìkan ni wọ́n wọ̀n. Ẹni tó jìnnà sí irin ṣì wà nínú ibi funfun.

Bààlúù tó ń lọ tó ń bọ̀

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tó parí ní 1945, ọ̀nà iṣẹ́ náà yí padà. Ilé iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1940. Orúkọ rẹ̀ nígbà náà ni Institut Géographique National. IGN ni a ń gé e kúrú sí. Ó ní ẹ̀ka ní Dakar fún àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Dahomey wà lára wọn. Orúkọ tí orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́ nìyẹn kí ó tó di Bénin ní 1975.

IGN gba àwọn bààlúù ogun Amẹ́ríkà kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ B-17. Bọ́ǹbù ni wọ́n ń fi wọ́n jù nígbà ogun. Wọ́n yọ ohun ìjà kúrò lára wọn, wọ́n gbé kámẹ́rà ńlá sí i, wọ́n sì fi wọ́n ya fọ́tò ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ayé, Áfíríkà pẹ̀lú. Láàrin nǹkan bí 1950 sí ìgbà òmìnira, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960, wọ́n ya fọ́tò apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Dahomey láti ojú sánmà.

Bí àgbà kan bá wà ní àdúgbò yín tí ó ti lé ní 80 ọdún, ẹ bi í bóyá ó rántí bààlúù kan ní ìgbà èwe rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà, bí ẹni tó ń kọ ebè. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Bààlúù á fò tààrà láti òpin kan dé òpin kejì. Á yí padà, á sì fò padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà àkọ́kọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fò, nítorí ìkùukùu ìgbà òjò ń bo ilẹ̀ mọ́ kámẹ́rà lójú.

Fọ́tò kan kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tò pọ̀ lọ. Síbẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò, sẹ̀ǹtímítà 1 nínú fọ́tò jẹ́ mítà 500 lórí ilẹ̀. Nítorí náà fọ́tò kékeré yẹn gba nǹkan bíi kìlómítà 9 ní gígùn àti 9 ní ìbú.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó dùn mọ́ni. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun orí èkejì rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú fọ́tò kìíní, nǹkan bí 60 gbọ́dọ̀ tún hàn nínú fọ́tò kejì. Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹ na ìka kan síwájú imú yín. Ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ wo ìka náà pẹ̀lú ojú òsì. Ẹ ṣí ojú ọ̀tún, kí ẹ sì di ti òsì. Ìka náà dàbí ẹni pé ó sún. Ẹ ṣí ojú méjèèjì: ẹ óò mọ bí ìka ṣe jìnnà sí yín tó. Ojú méjì ni a fi ń mọ ohun tó ga àti ohun tó jìnnà. Bààlúù ń sún láàrin fọ́tò kan àti èkejì, bíi pé fọ́tò kìíní ni ojú òsì, tí fọ́tò kejì sì jẹ́ ojú ọ̀tún. Ní ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ á gbé méjèèjì sábẹ́ awò pàtàkì kan. Lójijì, àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ á dìde dúró níwájú rẹ̀, àfonífojì á sì wọnú lọ. Báyìí ni ẹni tó jókòó sórí àga ṣe lè wọn gíga òkè tí kò gùn rí.

Ohun tí fọ́tò kò mọ̀

Fọ́tò kò mọ ibi tí òun wà. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ní láti wá sórí ilẹ̀. Ní òru, wọ́n á fi ẹ̀rọ wo ìràwọ̀, wọ́n á fi ìyẹn ṣírò ibi tí wọ́n dúró sí ní ayé. Wọ́n wọn gíga ilẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n sì máa ń fi sìmẹ́ǹtì tàbí irin ṣe àmì mọ́ ilẹ̀, pàápàá níbi tó ga. Bí ẹ bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe hú u. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ lè tún wá a lò.

Fọ́tò kò sì mọ orúkọ. Bí òrùlé ogún bá hàn nínú fọ́tò, ta ni yóò sọ bí abúlé náà ṣe ń jẹ́? Òṣìṣẹ́ ní láti béèrè, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní lẹ́tà Faransé. Lẹ́tà Faransé kò ní ṣ, kò ní ẹ bíi tiwa. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ Fọ̀n tàbí Gùn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni àwọn Faransé ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìlú wa. Báyìí ni Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe di Savè lórí ìwé. Igbó Ìdàáṣà di Dassa-Zoumé, nítorí zoumé ni inú igbó ní èdè Fọ̀n. Odò Ọpara di Okpara.

Orúkọ ìlú ńlá kò lè sọnù. Ti abà ni ó ṣòro. Bí àlejò bá bi ọkùnrin kan ní etí abà pé kí ni orúkọ ibí yìí, ọkùnrin náà lè dárúkọ baba tó kọ́kọ́ dá oko níbẹ̀. Orúkọ ọkùnrin kan á wá di orúkọ ibẹ̀ lórí àwòrán. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọ ọmọ rẹ̀ á gbé àwòrán náà wá, á ní, ẹ wò ó, orúkọ baba wa ni ìjọba kọ sórí ilẹ̀ yìí. Òótọ́ ni pé orúkọ baba rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò béèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ nìkan ló béèrè. Ó lè jẹ́ pé baba náà tọrọ ilẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni onílẹ̀. Àwòrán kò lè yanjú èyí.

Bí a ṣe ń kà á

Àwòrán ńlá tó jáde láti inú iṣẹ́ yẹn ni èyí tí sẹ̀ǹtímítà 1 rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2. Lára ìwé, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: 1/200 000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti dín ilẹ̀ kù ní ìlọ́po 200 000 kí ó tó lè wọ inú ìwé.

Ẹ mú rúlà. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 láti abúlé kan dé èkejì, kìlómítà 6 ni láti ojú sánmà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀nà ń yí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà àwòrán náà, ẹ̀rọ lè ti dín in kù tàbí kí ó ti sọ ọ́ di ńlá. Nígbà náà, nọ́ńbà 1/200 000 kò bá a mu mọ́. Ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀ àwòrán tí wọ́n pín sí kìlómítà. Ìlà yẹn ni kí ẹ fi wọ̀n, nítorí bí ẹ̀rọ bá dín àwòrán kù, ó dín ìlà náà kù pẹ̀lú.

Àwọ̀ ní ìtumọ̀. Búlúù ni omi. Ìlà búlúù tí kò já ni odò tí omi wà nínú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Èyí tó ń já tó ń so ni odò tó ń gbẹ. Àwọ̀ ewé ni igbó àti igi. Pupa ni ọ̀nà ọkọ̀. Dúdú ni orúkọ, ilé àti ọ̀nà irin. Puits ni kànga, gué ni ibi tí a ti lè fi ẹsẹ̀ la odò kọjá.

Àwọn ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yí bíi ìlà orí igi tí a gé ni ó máa ń da ènìyàn láàmú. Ìlà kọ̀ọ̀kan so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀. Ẹ ronú nípa àpáta kan tí omi yí ká. Bí omi bá fà díẹ̀, ó fi ìlà sílẹ̀ lára àpáta. Bí ó tún fà, ó fi òmíràn sílẹ̀ nísàlẹ̀ èyí àkọ́kọ́. Bí ẹ bá wo àpáta náà láti òkè, ẹ óò rí ìlà lórí ìlà. Bí etí àwòrán bá sọ pé mítà 40 wà láàrin ìlà méjì, tí ẹ sì ka ìlà 3 láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí, ẹ mọ̀ pé òkè náà ti ju mítà 80 lọ. Níbi tí ìlà ti fún mọ́ra, ilẹ̀ ibẹ̀ dúró ṣánṣán, òjò á sì máa wọ́ ilẹ̀ oko lọ. Níbi tí ìlà ti jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Èyí wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ apá ibi tí omi òjò yóò ṣàn sí kí ó tó kọ ebè.

Àwọn ará wa tó wà ní òdìkejì Ọpara, ní Nàìjíríà, ní àwòrán tiwọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn aṣèwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ṣe é, lẹ́yìn 1945 títí kọjá òmìnira wọn. Nínú àwòrán tí wọ́n ṣe jù, sẹ̀ǹtímítà 1 jẹ́ mítà 500, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sì fi ń ka gíga òkè, kì í ṣe mítà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí òkè kan náà lórí àwòrán méjèèjì tí nọ́ńbà rẹ̀ kò dọ́gba, òkè náà kò dàgbà.

Nǹkan tí àwòrán kò sọ

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Lórí àwòrán 1/200 000, mìlímítà 1 jẹ́ mítà 200. Oko ẹ́kítà 1 jẹ́ mítà 100 ní gígùn àti mítà 100 ní ìbú. Lórí àwòrán yìí, ìdajì mìlímítà ni. Ẹ fi bíìkì fa ìlà kan sórí ìwé. Ìlà bíìkì náà fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà. Ìyẹn ni pé bí ẹnìkan bá fi bíìkì fa ààlà ìdílé méjì sórí àwòrán yìí, ìlà náà nìkan ti gbé odindi ẹ́kítà mì, ní gbogbo ibi tó gbà kọjá. Ta ló ni oko tó wà lábẹ́ tádàwà?

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi àwòrán yìí fi ààlà oko han yín, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé àwòrán náà ń parọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún kọ́ ni.

Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń sinmi. Gbogbo wa mọ̀ pé lẹ́yìn tí a bá ti gbin iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá sí ilẹ̀ kan fún ọdún mélòó kan, a máa ń fi í sílẹ̀. Koríko á hù, igi ẹ̀mí tí a kò gé á ga sí i. Ilẹ̀ náà ní olówó. Ó ní ẹni tí yóò padà sí i. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà inú bààlúù kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Igbó ni ó rí. Òṣìṣẹ́ kun ún ní àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun igbó. Ẹni tó bá wá wo àwòrán náà lẹ́yìn ọdún 60 tàbí 70 lè sọ pé, ẹ wò ó, kò sí ẹni tó ń lo ilẹ̀ yìí nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tó léwu nìyẹn. Kí ẹni tó bá gbọ́ ọ béèrè pé: ilẹ̀ wo ló ń sinmi ní ọdún tí wọ́n ya fọ́tò yìí, ta ló sì lò ó ṣáájú?

Ìlà kan wà lórí àwòrán tó ní òfin lẹ́yìn ní tòótọ́. Òun ni ìlà igbó ìjọba. Òfin igbó tí Faransé ṣe fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1935 ni wọ́n fi ń ya igbó sọ́tọ̀. Igbó Tchaourou-Toui-Kilibo, ní àríwá wa, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìlà yẹn wà lórí ìwé, ó sì wà nínú òfin. Ẹni tó bá fẹ́ dá oko ní apá ibẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn òṣìṣẹ́ igbó ibi tí ó gbà. Ó ṣeni láàánú pé ààlà ìjọba nìkan ni ó rí àyè lórí àwòrán, tí ti ìdílé kò rí.

Ọ̀nà màlúù náà kò sí níbẹ̀. Oko ẹran ti ìjọba, bíi èyí tó wà ní Okpara lẹ́bàá Parakou tàbí ti Bétécoucou lápá Ìdàáṣà, ní ilé àti ọgbà, irú rẹ̀ sì rọrùn láti fi sórí àwòrán. Gáà Fúlàní kò rí bẹ́ẹ̀. Gáà máa ń ṣí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, darandaran á da ẹran lọ sí etí Ouémé àti Ọpara, nígbà òjò wọ́n á kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wà lórí wọn bí ààlà oko ṣe wà lórí wa. Bí àgbẹ̀ bá kọ ebè dí ọ̀nà omi láìmọ̀, ìjà dé nìyẹn. A mọ ohun tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ná àwọn abúlé kan. Òfin darandaran tí Bénin ṣe ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 2018 sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ẹran. Ṣùgbọ́n òfin kò lè fi ọ̀nà náà han ẹnikẹ́ni bí àgbẹ̀ àti Fúlàní kò bá jọ rìn ín, kí wọ́n sì jọ fi àmì sí i.

Àwòrán tó ti gbó, ilẹ̀ tó ti yí padà

Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sí etí àwòrán. Bí fọ́tò rẹ̀ bá jẹ́ ti ìgbà Dahomey, ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò lè sí lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ àti oko ìrèké rẹ̀ kò lè sí níbẹ̀, torí lẹ́yìn 1975 ni ìjọba Bénin àti ti Nàìjíríà jọ ṣe é. Oko kajú tó ti bo ilẹ̀ púpọ̀ lónìí kò lè sí níbẹ̀. Páìpù epo náà ńkọ́? Nígbà tí bààlúù ń ya fọ́tò, wọn kò tíì rí epo ní Dahomey. Inú òkun Sèmè ni wọ́n ti rí i ní 1968, wọ́n sì wà á láti 1982 sí 1998. Páìpù tuntun tó ń gbé epo láti Agadem ní Niger wá sí etí òkun ní Sèmè gùn tó nǹkan bí kìlómítà 2 000. Ó gba Alibori, Borgou àti Collines kọjá. Ní 2024 ni ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ gbé epo rẹ̀.

Àwọn tó ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń lo fọ́tò láti òkè bíi ti àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sátẹ́láìtì ni ó ń yà á báyìí. Foonu àwọn ọmọ wa náà ní irú fọ́tò yẹn. Ó mọ́ ju ti 1950 lọ. A lè rí igi kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń sinmi ṣì jọ igbó nínú rẹ̀. Bí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ bá dé abúlé yín, ẹ má jókòó sílé. Ẹ bá wọn rìn. Ẹ fi òkìtì ọ̀gán, pèrègún àti odò tí ẹ fi ṣe ààlà hàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ pààlà wà níbẹ̀. Ẹ pe àwọn obìnrin tó ń dá oko níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n kọ ilẹ̀ tó ń sinmi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tó ní olówó.

Ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀ yàtọ̀ sí kátì. Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013 fún wa láyè láti gba ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ADC. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà komínì.

Omi àti àìsàn

Ibì kan wà tí àwòrán àtijọ́ ti ṣe wá lóore gan-an. Àrùn tó ń fọ́ ojú àwọn ará etí odò, eṣinṣin dúdú kékeré kan ló ń gbé e kiri. Ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta ni eṣinṣin náà ń yé ẹyin sí. Láti 1974 sí 2002, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kan, Bénin pẹ̀lú, jọ gbógun tì í. Hẹlikópítà ń da oògùn sínú odò léraléra. Ẹni tó ń wakọ̀ náà ní láti mọ odò tí yóò tẹ̀ lé àti ibi tí ọ̀kan ti ń ya wọ inú èkejì. Kò sí bí a ṣe lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láìsí àwòrán odò.

Sòbìà fi nǹkan mìíràn kọ́ wa. Omi adágún tí a kò fi aṣọ sẹ́ ni a fi ń kó o. Láti lé e lọ, òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ dé gbogbo ibi tí ènìyàn ti ń pọn omi mu, títí dé abà tó kéré jù lọ. Abà tí kò sí lórí àwòrán ni ó rọrùn láti gbàgbé. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ó ń ka abà wọn, tí wọ́n ń sọ fún òṣìṣẹ́ ibi tí aláìsàn wà. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti kúrò ní Bénin.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ gbá ojú ilẹ̀ kan mọ́ lábẹ́ igi. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ yà á fún yín. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ẹ sì fi ọ̀pá kan síbẹ̀. Ẹ gbé òkúta kan sílẹ̀ fún àárín abúlé. Ẹ gba pé ìṣísẹ̀ 1 jẹ́ mítà 100.

Ẹ fi eérú fa odò. Odò tó ń gbẹ, ẹ jẹ́ kí ìlà rẹ̀ máa já. Ẹ fi ewé ṣe igbó, ẹ fi èèpo ẹ̀pà ṣe ilẹ̀ tó ń sinmi, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ẹ fi òkúta kéékèèké sí kànga àti pọ́ǹpù, kí ẹ sì dá èyí tó ti bàjẹ́ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnìkan láti gáà tó súnmọ́ yín, kí ó fi okùn la ọ̀nà tí ẹran ń gbà lọ mu omi. Bí okùn rẹ̀ bá gba orí èèpo ẹ̀pà kọjá, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ẹni tó mọ ìwé kọ jù da gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan bí àwọn àgbà ṣe ń pè é. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí etí rẹ̀.